Igba Ìràwọ̀ ó Lé Mẹ́rìnlá

Ajé, 4 Èbìbí

Wọ́n pín wàláà lónìí. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni ọ̀gá ilé-ìwé ń pè é, ṣùgbọ́n kí a tó kọjá géètì, gbogbo ọmọ ti sọ ọ́ di wàláà. Àwọn ọmọ kékeré nìkan ni wọ́n fún. Àwa àgbà tí a wà ní apá kejì ọgbà kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, à ń wò wọ́n bí ẹni tí ọkọ̀ já jù sílẹ̀. Àbúrò mi gbé tiẹ̀ bọ̀ wálé bí ẹyin. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi wákàtí kan rìn ín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irùngbọ̀n níbi tí mo ti ń dúró dè é, èmi ọmọbìnrin.

Jẹ́jẹ́ là ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, kíláàsì kẹta ló wà. Orí rẹ̀ pé o. Ó kàn máa ń wo nǹkan pẹ́ kó tó gbà pé nǹkan ọ̀hún wà níbẹ̀ ni. Tí o bá fi lẹ́tà hàn án, á wò ó títí lẹ́tà náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tijú.

Ohùn obìnrin kan wà nínú wàláà náà. Tí o bá dáhùn dáadáa, á ní, "Káre, akọni," ìràwọ̀ kan á sì yọ. Tí o bá ṣì í, á ní ó kù díẹ̀, tún gbìyànjú. Mo sọ ọ́ ní Àǹtí Inú Àpótí. Jẹ́jẹ́ ti kí i ní ẹ káàsán, mà, kó tó jókòó.

Ìwé kan bá a wálé. Wọ́n ní kí ẹnì kan tó mọ̀wé nínú ilé máa jókòó ti ọmọ fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, kó sì máa fọwọ́ síwèé. Olùrànlọ́wọ́ ilé ni wọ́n pe ẹni náà. Bàbá wa wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú tírélà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù là ń rí i. Ìyá wa ò kàwé, aṣọ ló ń lọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní ilé ìfọṣọ. Ó na ìwé náà sí mi, ó ní, "Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í dákẹ́, wá fi ṣiṣẹ́."

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí nìyẹn. Ẹni tó bá gbé irú ẹrù báyìí gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí.

Ọjọ́rú, 6

Ogún ìṣẹ́jú wọn, irọ́ gbáà ni. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi ṣe ìbéèrè mẹ́wàá. Wọ́n ya ilẹ̀kùn kan, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, kó fọwọ́ kan èyí tó bá a mu. Jẹ́jẹ́ wò ó, ó wò ó. Ó wá bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé ilẹ̀kùn tó ṣí ni àbí èyí tó tì?" Mo ní kó kan ilẹ̀kùn náà kó bi ẹni tó wà nínú ilé. Ó sì fi ìka kàn án lóòótọ́, ó ń dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Àǹtí Inú Àpótí ní ó kù díẹ̀.

Nígbà tí a fi máa parí, àwọn ẹgbẹ́ mi ti gbá bọ́ọ̀lù tán lójú títì, wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ. Ìràwọ̀ mẹ́ta ló rí. Mo fọwọ́ síwèé bí ẹni tó ń gba ẹ̀wọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, 7

Òjò. Iná lọ. Wàláà kú. Ìsinmi dé.

Ẹtì, 8

Wàláà máa ń fi iṣẹ́ àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá ilé-ìwé á wá lẹ ìwé gbàgàdà mọ́ ilẹ̀kùn kíláàsì: àwọ̀ ewé fún àwọn tó ń fò, ìyeyè fún àwọn tó ń rìn, pupa fún àwọn tó jókòó sílẹ̀. Kò sí àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀, orúkọ àti àwọ̀ nìkan. Pupa ni Jẹ́jẹ́. Ọmọ onídìrí tó ń gbé ní òdìkejì títì wa náà, pupa.

Onídìrí fúnra rẹ̀ ló gbé ìròyìn wá bá ìyá wa. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ géètì sọ fún òun pé gbogbo ọmọ tó wà nínú pupa máa tún kíláàsì kẹta kà. Ó ń fi ohùn ẹkún sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń yọjú wo ìyá wa láti mọ̀ bóyá tiwa dùn wá ju tiẹ̀ lọ.

Ìyá wa wọlé, ó mú aṣọ ilé-ìwé Jẹ́jẹ́ tó ti lọ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún un lọ̀. Omi ń kán sórí aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò bu omi sí áyọ́ọ̀nù.

Àìkú, 10

Bàbá wa pè. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀ débi pé tírélà ló dà bí ẹni pé ó ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó béèrè bí Jẹ́jẹ́ àti wàláà ṣe ń ṣe sí. Ìyá wa ní ó ń gbìyànjú.

Ìṣẹ́gun, 12

Mo ti rí ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní olè o, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ní kí n ṣe.

Mo ní kí Jẹ́jẹ́ ṣe ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó ṣe é títí mo fi hu ewú. Mo wá ní kó lọ gbá bọ́ọ̀lù, pé Àǹtí Inú Àpótí á bá a parí ìyókù. Ó ní, "Ṣé kì í rẹ̀ wọ́n ni?" Mo ní kì í rẹ̀ wọ́n, wọn kì í jẹun, wọn kì í sùn. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ti sáré jáde.

Méje tó kù, ìka kan ṣoṣo ni mo fi pa wọ́n bí ìdun. Ìṣẹ́jú méjì. Káre akọni, káre akọni, ẹnu obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìràwọ̀ tò bí ọmọ ogun. Mo ti dé títì kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

Ẹtì, 15

Ìyeyè.

Ajé, 18

Wàláà yìí gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Bí ìràwọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ló ń gbé ìbéèrè ga. Àwòrán ilẹ̀kùn ti di ohun àná. Ìtàn ló kù báyìí, ojú ìwé kan gbáko, ìbéèrè mẹ́wàá sì tẹ̀lé e. Jẹ́jẹ́ ò lè ṣe mẹ́ta mọ́. Mo ní kó ṣe ọ̀kan. Ó wò ó, ó wò ó, ó tẹ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá, ó jáde.

Owó dátà ti ju owó epo ọkọ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ agẹrun tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ni mo ń gbé e lọ, ó ní íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ní kí n gẹrun tàbí kí n gbéra. Mo ní irun mi ṣì ń rò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ti àga kan sí mi.

Ẹtì, 22

Àwọ̀ ewé. Jẹ́jẹ́ ló wà lókè pátápátá, lórí ọmọ dókítà. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu níwájú ìwé náà kí ẹ̀rín má bàa pa mí.

Kí ẹ wá wo ìyá wa. Obìnrin tí kì í kí ènìyàn tí iṣẹ́ bá ti rẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń kí. Ó gba iwájú ilé onídìrí kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì ní nǹkan kan ṣe lọ́hùn-ún. Bàbá wa ti ròyìn fún gbogbo awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà yẹn, wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ti yí ìrìn padà, ó ń ju èjìká. Ó ní, "Àǹtí mi, Àǹtí Inú Àpótí fẹ́ràn mi ju gbogbo wọn lọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni mẹ́ta ń yọ̀, èmi nìkan ló ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, 27

Wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ pupa lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àga kíkán sí. Tíṣà ìwé kíkà ló ń mú wọn lọ, màmá àgbà kan tó so gíláàsì mọ́ ọrùn bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Olójú-mẹ́rin là ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Àga méjìlá péré ló wà nínú yàrá náà. Mo rò pé ìyà ni wọ́n ń jẹ wọ́n. Nígbà tí mo kọjá lẹ́bàá fèrèsé, mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyà ti yí wọn lórí.

Àbámẹ́ta, 30

Mo wọlé, Jẹ́jẹ́ ò gbọ́ mi. Ó jókòó ti wàláà, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kìíní nínú ìtàn gígùn kan, ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Ó pẹ́ díẹ̀, ó wá rọra sọ fún wàláà náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ padà sí ti ilẹ̀kùn."

Mo ní kó lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní bọ́ọ̀lù ò wu òun.

Mo ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ẹtì, 5 Òkúdu

Ọjọ́ àwọn òbí. Òjò ti ń fọ́n láti àárọ̀, gbọ̀ngàn ń rùn bíi bàtà tó tutù. Ìyá wa tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó wọ aṣọ tó máa ń kó pamọ́. Ìlà kìíní ló jókòó sí. Mi ò tíì rí i ní ìlà kìíní níbikíbi rí.

Ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ó wá ní òun gbọ́ pé àwọn òbí kan ń bẹ̀rù àwọ̀ pupa, òun sì fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà fún. Àwọn méjìlá tí wọ́n bá nínú pupa nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta parí, àwọn ni wọ́n fà lé tíṣà ìwé kíkà lọ́wọ́, wákàtí kan lójoojúmọ́ títí sáà á fi parí. Ó ní wàláà ló ń tọ́ka sí ọmọ tó nílò ènìyàn, ènìyàn ló sì ń kọ́ ọmọ. Ó pe ọmọ onídìrí jáde. Ọmọ tí kò dá lẹ́tà mọ̀ yàtọ̀ sí kòkòrò lóṣù tó kọjá. Ọmọ náà ka ìlà mẹ́rin láìdúró. Ìyá rẹ̀ dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

Nǹkan kan já nínú mi. Kò tíì balẹ̀ tí ọ̀gá fi ní ká wá gbọ́ lẹ́nu ẹni tó wà lókè gbogbo wọn.

Jẹ́jẹ́ jáde, ó ń ju èjìká. Wọ́n tan ojú ìwé kan sára aṣọ funfun ńlá tó wà níwájú. Mo mọ ìtàn náà. Lórí àga agẹrun ni mo ti dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Jẹ́jẹ́ wò ó. Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ó tún wò ó. Ìyá wa rọra mi orí sí i pé kó máa kà á lọ. Ó wá la ẹnu, ó fi ohùn tín-ín-rín, ohùn Àǹtí Inú Àpótí gan-an, sọ pé, "Káre, akọni. O ti gba ìràwọ̀ mẹ́wàá. Fọwọ́ kan ibí kí o lè tẹ̀síwájú."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Wọ́n rò pé ó ń dá wọn lára yá ni. Ọ̀gá ilé-ìwé ń nu omi ojú, ó ní ọmọ tó bá mọ̀wé dé góńgó ló lè fi ìwé ṣeré báyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ìyá wa ló pa tiẹ̀ kíkan jù. Jẹ́jẹ́ wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó padà sí ìjókòó. Òógùn ti mú aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Olójú-mẹ́rin gbé gíláàsì sójú, kì í sì í ṣe Jẹ́jẹ́ ló ń wò. Èmi ló ń wò.

Ajé, 8

Ó dá mi dúró lẹ́nu géètì. Ó béèrè ẹni tó ń fọwọ́ síwèé olùrànlọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Mo ní èmi ni, mà. Ó ní wàláà máa ń kọ àkókò sílẹ̀: ọmọ yìí á lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ìbéèrè kìíní, á sì ṣì í, lẹ́yìn náà á fi ìṣẹ́jú méjì gba mẹ́sàn-án tó kù láìṣì ọ̀kan. Ó ní irú jíjí òjijì wo nìyẹn.

Mo ní bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, mà, bí ọkọ̀ àtijọ́, ó máa ń pẹ́ kó tó dáná, ṣùgbọ́n tó bá dáná, kò sí ẹni tó lè bá a.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi. Mo rìn dé ilé kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í korò.

Ọjọ́rú, 10

Jẹ́jẹ́ ní inú ń run òun. Àná náà, inú ń run ún. Kò sí ohun tó ń ṣe inú yẹn. Wọ́n ti gbé e lọ sí tábìlì àwọn ọmọ àwọ̀ ewé, ìwé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ọmọ dókítà sì ti ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ojú ìwé wo ló dé.

Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, gbogbo kíláàsì kẹta á ka ojú ìwé kan sókè níwájú tíṣà. Ìwé pépà, kò sí wàláà, àwọ̀ kankan ò sì ní í gba ẹnikẹ́ni là. Ẹni tí kò bá lè kà á, á tún kíláàsì kẹta ṣe.

Ìyá wa ní kí n ka ìwé náà sókè fún òun. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní a dúpẹ́ pé tiwa ti bọ́ nínú ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 11

Mo ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé omi tó kán sórí aṣọ ilé-ìwé lọ́jọ́ yẹn ló tì mí sí i. Irọ́ ni. Mo ti ń wá bí màá ṣe bọ́ kí orúkọ kankan tó jáde. Wákàtí kan àti ààbọ̀ yẹn ló ń dùn mí, títì ló ń pè mí. Ká ní ìyá wa ò sunkún, ǹ bá ṣì ṣe é, ǹ bá kàn wá ìdí mìíràn ni.

Mo lọ bá Olójú-mẹ́rin ní yàrá kékeré nígbà tí àwọn méjìlá ti jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Mo ti múra sílẹ̀ fún igbe, fún pàṣán, kó lé mi dé òpin ayé. Kò pariwo. Ó tọ́ka sí àga kan lẹ́yìn, ó ní ibẹ̀ ló yẹ kí Jẹ́jẹ́ jókòó sí. Ó ní ọmọ tó wà níbẹ̀ mọ̀wé kà dáadáa, wàláà rẹ̀ ló bàjẹ́ tí kò gba ìdáhùn, ni ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sí pupa. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, oorun ni ọmọ náà ń sùn lórí àga yẹn.

Mo ní ṣé a ò lè pààrọ̀ wọn, mà.

Ó ní òun á gbé e dé ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kí òun tó lọ, kí n kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi, kí n sì sọ fún ọmọ náà. Ó ní, "Fún ọmọ náà gan-an. Lójú rẹ̀."

Ẹtì, 12

Mo sọ ọ́. Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nínú bàtà. Jẹ́jẹ́ wà nílẹ̀. Mo ní kò sí Àǹtí kankan tó ń bá a parí ìbéèrè, èmi ni.

Mo rò pé ìyá wa á nà mí. Ṣòkòtò méjì ni mo tilẹ̀ wọ̀ sábẹ́. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó béèrè bóyá torí pé ọmọ onídìrí wà nínú pupa ló fi lè kàwé báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó jókòó. Ó ní, "Mo sì gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta." Ì bá kúkú nà mí.

Jẹ́jẹ́ gbé wàláà, ó ṣí ibi tí ìràwọ̀ wà. Igba ó lé mẹ́rìnlá. Ó ní, "Mélòó ni tèmi níbẹ̀?"

Mo ti kà á. Mẹ́sàn-án ni. Mo ní ọgbọ̀n.

Ó wò mí bó ṣe ń wo lẹ́tà. Ó ní, "Ẹ tún ń purọ́."

Ajé, 15

Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Èmi, ìyá wa, Olójú-mẹ́rin. Jẹ́jẹ́ dúró síta.

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ náà dun òun. Ó ní ṣùgbọ́n òun ti fi orúkọ àwọn méjìlá ránṣẹ́ sí àwọn tó fún ilé-ìwé ní wàláà, wọn kì í yí i padà láàárín sáà. Ó ní àwòrán Jẹ́jẹ́ gan-an ti wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń polówó ohun tí wàláà lè ṣe, kí ni kí òun wá sọ fún wọn. Ìyá wa ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Ọmọ mi ò lè kàwé." Ọ̀gá ṣí kọ̀ǹpútà, ó yí ojú rẹ̀ sí ìyá wa tí kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀, ó ní, "Ìyá, àkọsílẹ̀ ní ó mọ̀ ọ́n."

Olójú-mẹ́rin ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi àga kẹtàlá kún un. Ọ̀gá ní méjìlá ni òfin sọ. Olójú-mẹ́rin ní òun á gbé àga láti ilé òun wá. Ó ní méjìlá, mà.

Ohun tí wọ́n fún wa ni wàláà kan tó ṣẹ́ kù, tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú, kí Jẹ́jẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba èyí tó ní ìràwọ̀. Wọ́n fi ìlà pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé olùrànlọ́wọ́, wọ́n sì ní kí n fọ ilé ìyàgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá wa ò bá mi rìn bọ̀ wálé. Òun àti Jẹ́jẹ́ gba òdìkejì títì.

Ọjọ́rú, 17

Ilé ìyàgbẹ́ yẹn, ẹni tó bá fọ̀ ọ́ dé òpin á jáde sí ayé mìíràn. Mi ò tíì dé òpin.

Bàbá wa pè, ó ní kí wọ́n gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n fún òun. Jẹ́jẹ́ gba fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó dá fóònù padà fún ìyá wa. Ó ti di ọjọ́ márùn-ún tí kò bá mi sọ̀rọ̀.

Àbámẹ́ta, 20

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sára àtẹ̀gùn ilé wa, ọ̀kan lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ilé, omi, ẹsẹ̀, ojú, títí dé òkè. Mo ní tó bá ń gùn ún lójoojúmọ́, á wọ̀ ọ́ lórí láìmọ̀. Agẹrun ní iṣẹ́ dáadáa ni, ó kà á sókè bó ṣe ń gòkè. Jẹ́jẹ́ dé, ó dúró, ó wò ó. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ó fi bàtà nu ìgbésẹ̀ kìíní, ó nu ìkejì, ó nu gbogbo rẹ̀ dé òkè, jẹ́jẹ́, láìfi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹtì, 26

Mo sá kúrò níbi iṣẹ́ ìfọ̀ mi, mo dúró lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì kẹta. Ọmọ onídìrí kà á, ó yege. Ọmọ tó ń sùn lórí àga kà á bí ẹni mu omi.

Ó kan Jẹ́jẹ́. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kìíní. Mo rí ètè rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì péye, mo búra. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò rẹ̀ tán. Tíṣà rẹ̀ kọ nǹkan, ó pe ẹlòmíràn.

Olójú-mẹ́rin bá mi níbẹ̀, kò lé mi. Ó ní ọmọ yẹn ti ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ló kù fún un. Mo mọ ibi tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gbà lọ. Mo mọ ẹni tó fi wọ́n gbá bọ́ọ̀lù.

Á tún kíláàsì kẹta ṣe. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún lójú títì ni wọ́n máa jọ jókòó.

Ìṣẹ́gun, 30

Ìyá wa ni olùrànlọ́wọ́ ilé báyìí. Bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á jókòó ti Jẹ́jẹ́ pẹ̀lú wàláà tuntun yẹn. Kò mọ lẹ́tà kan. Ó kàn jókòó ni. Wọ́n ní kí èmi dúró sí yàrá kejì, aṣọ ìkélé ló là wá láàárín, ihò kan sì wà lára rẹ̀.

Lónìí, wọ́n ya àkàbà kan. Mo rí i, mo rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ fi ìka sí èyí tí kì í ṣe àkàbà, ó bi ìyá wa bóyá òun nìyẹn. Ìyá wa ní, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Tún un wò." Ó tún un wò. Ó ń pè é lábẹ́lẹ̀, à, à, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kún ẹnu mi bí omi gbígbóná. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ jáde. Mo mú etí aṣọ ìkélé, mo fi eyín dì í mú.

Wákàtí kan kọjá kí mẹ́wàá tó pé. Orí ìyá wa ti ń tẹ̀, ó ń gbé e padà, ó tún ń tẹ̀. Nígbà tí wàláà dún pé ó ti parí, ó ta jí, ó béèrè iye tó gbà.

Jẹ́jẹ́ ní, "Méjì, mà."

Ó ní ṣé méjì dára.

Jẹ́jẹ́ rò ó wò. Ó ní, "Kò dára. Ṣùgbọ́n tèmi ni."